Bí Àgbà Bá Ṣubú, Ẹ Jẹ́ Kí A Wo Ẹ̀yìn

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwọn olùkọ́ a máa fi òwe yìí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé ọmọdé tí ó ṣe àṣìṣe ń wá ẹni tí yóò gbé òun dìde, ṣùgbọ́n àgbà tí ó ṣe àṣìṣe ń wádìí ohun tí ó gbé òun ṣubú. A ti lo òwe náà fún òwò tí kò pé, a ti lò ó fún ìgbéyàwó tí ó túká, a sì ti lò ó fún òṣèlú tí ó fìdí rẹmi. Ibi kan ṣoṣo tí a kì í lò ó mọ́ ni ibi tí a ti mú un wá, èyíinì ni ìṣubú gan-an, ìṣubú ẹsẹ̀ àti ara, èyí tí ń gbé àwọn òbí wa ṣánlẹ̀ nínú ilé lójú wa àti lẹ́yìn wa. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn.

Ẹni tí ó bá dàgbà ní agbo ilé kan ní Ìlọrin, ìbáà ṣe ní Àlánàmú, ìbáà ṣe ní Ajíkòbí tàbí Òkèlele, yóò mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹsẹ̀ arúgbó bá kọ. Gbogbo ilé yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o!” Ẹnì kan yóò béèrè pé, “Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, àbí ti òsì?” nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì gbà pé olúkúlùkù ni ó ní ẹsẹ̀ rere àti ẹsẹ̀ burúkú. Bí ìṣubú náà bá lágbára, ẹlòmíràn yóò ní ọwọ́ ayé ni, ẹlòmíràn yóò ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ń bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ láti mọ̀ bóyá òkúta ni, bóyá omi ni, bóyá etí ẹní tí ó ká sókè ni? Àwa kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí kádàrá. Àwọn àlùfáà ìlú yìí pàápàá kò yé kọ́ni pé kí ènìyàn kọ́kọ́ so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó tó fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ràkúnmí tí a kò so ni ẹsẹ̀ àwọn òbí wa lónìí.

Láyé àtijọ́, kò sí ẹni tí ń béèrè ta ni yóò tọ́jú arúgbó. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Agbo ilé kún fún ọmọ, ìyàwó ilé, ọmọ ìyá àti ọmọ kéwú, tí ó fi jẹ́ pé bí arúgbó bá na ọwọ́, ọwọ́ mìíràn yóò gbà á kí ó tó dìde tán. Lónìí, ọmọ kan wà ní Èkó, èkejì wà ní Àbújá, ẹ̀kẹta sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń fi owó ránṣẹ́. Ilé tí ó máa ń kún dẹ́nu tẹ́lẹ̀ ti di ti ìyá àgbà kan ṣoṣo àti ọmọbìnrin tí a gbà láti máa bá a gbé. Ní Èkó, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kì í ṣe ohun àjèjì mọ́. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ náà wà ní Yábàá, ti ìjọ Àgùdà tí wọ́n ń pè ní Regina Mundi wà ní Muṣin, àwọn aládàáni náà sì ti ń dá tiwọn sílẹ̀ káàkiri àwọn ìlú ńlá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú wa ni ó ń fi irú ilé bẹ́ẹ̀ bú ara wọn. Bí ọmọ bá dáhùn ọ̀rọ̀ ségesège, ìyá rẹ̀ yóò ní, “Ṣé ilé arúgbó ni o fẹ́ kó mi lọ ni?” A kò dá wọn lẹ́bi, nítorí àṣà wa kò bí irú ilé bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó yẹ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Ilé yòówù tí a bá ti ń sanwó fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ láti máa tọ́jú òbí, ilé ìtọ́jú arúgbó ni, bí kò tilẹ̀ ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàtọ̀ tí a rí níbẹ̀ ni pé ní ilé tí ó ní pátákó, a lè rí ẹni tí a ó bi léèrè bí nǹkan bá bàjẹ́. Ní ilé tí kò ní, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú ni a fi ṣe olórí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń bú ilé arúgbó kí ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀. Ìṣubú kì í béèrè bóyá ilé bàbá ẹni ni tàbí ilé tí a ń sanwó fún.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ọ̀ràn àwọn òyìnbó nìkan ni èyí. Ní 2003 sí 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan lórí àwọn tí ó ti pé ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ èdè Yorùbá. Ìpínlẹ̀ Kwara wà lára wọn. Àwọn àgbà tí wọ́n bi léèrè lé ní 2,000. Nígbà tí àbọ̀ ìwádìí náà lórí ìṣubú jáde ní 2010, ó hàn pé nínú 100 àgbà, bí 23 ni ó ti ṣubú, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, láàárín ọdún kan. Àwọn tí oríkèé ń ro, àwọn tí ìrora kì í fi sílẹ̀ àti àwọn tí kì í rí oorun sùn lóru ni ó sì wọ́pọ̀ fún jù. Ẹ kíyè sí i pé inú ilé ara wọn ni àwọn wọ̀nyí ń gbé, láàárín ọmọ àti ìbátan.

Ní ti àwọn tí a kó lọ sí ilé ìtọ́jú, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2007 pé 30 sí 50 nínú 100 wọn ni ó ń ṣubú lọ́dọọdún. Kò yani lẹ́nu, nítorí àwọn tí ara wọn ti rẹ̀ jù ni a ń kó lọ síbẹ̀. Àjọ kan náà ló kéde ní 2021 pé ìṣubú ń pa ènìyàn tí ó tó 684,000 lọ́dún kan káàkiri ayé, àti pé ó lé ní 80 nínú 100 wọn tí ó jẹ́ ará àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, bí irú tiwa. Láàárín àwọn jàǹbá tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, jàǹbá ojú pópó nìkan ni ó ń pa ènìyàn jù ú lọ. Bí ọkọ̀ bá dànù lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo ìlú ni yóò gbọ́. Bí ìyá àgbà bá dànù nínú balùwẹ̀, a ó ní ọjọ́ ló pé.

Kí ni ìṣubú kan ṣoṣo ń ṣe fún arúgbó? Lára ọmọdé, egbò ni. Iyọ̀ díẹ̀ àti omi gbígbóná, ó ti tán. Lára àgbà, paápàá jù lọ àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró tipẹ́, eegun a ti fúyẹ́ bí igi tí ìkán ti jẹ inú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ó máa ń ṣẹ́ ni ọrùn eegun itan, níbi tí itan ti so mọ́ ìbàdí. A bọ̀wọ̀ fún àwọn teguntegun wa tí ń to eegun apá àti ti ojúgun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ yìí ni ó ń fi ẹsẹ̀ tí wọ́n tò rìn. Ṣùgbọ́n ọrùn eegun itan wà nínú lọ́hùn-ún, ẹran bò ó, kò sí ọparun tàbí aṣọ tí a lè dì mọ́ ọn lóde tí yóò dé ibẹ̀. Ilé ìwòsàn tí ó ní oníṣẹ́ abẹ eegun, bí Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Yunifásítì Ìlọrin tí ó wà ní Òkè-Òyì, ni a gbọ́dọ̀ gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ, kí a sì tètè gbé e lọ. Bí a bá fi í sílẹ̀ lórí ibùsùn, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò máa jẹrà, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ yóò máa gba omi, ẹ̀jẹ̀ yóò dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ní ń pa á. Ìṣubú ló kàn ṣí ilẹ̀kùn fún wọn.

Ẹlòmíràn a ṣubú, eegun kan kò ní ṣẹ́, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù yóò wọ̀ ọ́ lára. Kò ní fẹ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, kò ní fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní agbo ilé kejì. Bí ó ti ń jókòó sí i ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ sí i, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń rọ ni ìṣubú kejì ń súnmọ́ tòsí.

Ẹni tí ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ní ìyá àgbà kan tí ó fi ọ̀ràn yìí kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ìyá náà ti ṣubú nígbà mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ó ń fi ìborùn bo apá tí ó wú. Ọjọ́ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ rí i lórí ilẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀dẹ̀, ó bi í pé, “Ìyá, ṣé ẹ ṣubú ni?” Ìyá dáhùn pé, “N kò ṣubú o, ọmọ mi. Mo kàn jókòó láìròtẹ́lẹ̀ ni.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni ó tó sọ òótọ́ fún wa: “Bí mo bá sọ fún yín, ẹ ó ní n kò gbọdọ̀ lọ sọ́jà mọ́.” Òótọ́ sì ni ó sọ, nítorí ohun tí à bá ṣe gan-an nìyẹn. Arúgbó tí ó mọ̀ pé ìjìyà ni yóò tẹ̀lé ìjẹ́wọ́ òun kò ní jẹ́wọ́. Bí kò bá sì jẹ́wọ́, kò sí ẹni tí yóò lè wo ẹ̀yìn bá a.

Bí a bá fẹ́ wo ẹ̀yìn ní tòótọ́, òru ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Arúgbó kì í sùn dọ́jọ́. Ìtọ̀ yóò jí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ó bá sì jẹ́ Mùsùlùmí bí ọ̀pọ̀ ará Ìlọrin, yóò dìde kí ilẹ̀ tó mọ́ láti ṣe àlùwàlá fún ìrun Àsùbá. Iná mọ̀nàmọ́ná lè má sí. Yóò máa táràrà wá sálúbàtà tí etí rẹ̀ kan ti já, aṣọ rẹ̀ yóò máa wọ́ nílẹ̀, ìloro tí ó ga yóò sì wà láàárín òun àti ẹ̀yìnkùlé. Bí ó bá dé ibi tí omi wà, ẹnì kan ti ṣe àlùwàlá ṣáájú rẹ̀, omi ti tàn sílẹ̀. Yóò gbé búta lọ́wọ́ kan, yóò gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti fọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni yóò sì dúró lé lórí ilẹ̀ tí ó tutù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ dìde kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan dúró, kí ẹ di ojú, kí ẹ wò ó bí ẹ ó ti pẹ́ tó. Ohun tí bàbá yín ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ìjókòó kékeré kan lẹ́bàá omi, tí kò ga jù, tí kò sì rì jù, ni yóò tú ìdààmú yìí palẹ̀. Ẹ̀sìn kò kọ̀ ọ́. A mọ̀ pé ìlànà Ìsìláàmù gba ẹni tí kò lè dúró láyè láti jókòó kírun, ó sì gba ẹni tí kò lè jókòó láyè láti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìrun fúnra rẹ̀ ní irú ìdẹ̀ra bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àlùwàlá arúgbó yóò fi di eré ìjàkadì? A fẹ́ kí àwọn àlùfáà wa máa sọ èyí nínú wáàsí, nítorí ọ̀pọ̀ arúgbó rò pé ìtìjú ni kí àwọn jókòó níbi tí àwọn ọmọ àwọn ti ń dúró.

Ẹ̀yìn náà ni ilẹ̀ ilé. Ilẹ̀ amọ̀ tí àwọn ìyá wa fi ọwọ́ lù, tí wọ́n sì fi ewé rẹ́, le díẹ̀, ó sì ń di àtẹ́lẹsẹ̀ mú. Ọmọ tí ó là yóò dé láti òkè òkun, yóò tẹ́ táìlì dídán sí yàrá àti balùwẹ̀ ìyá rẹ̀, gbogbo ènìyàn yóò yìn ín pé ó ṣe ọmọ. Táìlì yẹn, bí omi ọṣẹ bá kàn án, ó yọ̀ ju ẹja àrọ̀ lọ. Bí ó bá ṣe dandan kí a tẹ́ táìlì, kí a ra èyí tí ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki. Ìyìn àlejò kò tó eegun itan ìyá ẹni.

Oògùn náà wà níbẹ̀, ibi yìí sì ni àwọn ilé ìtọ́jú ti máa ń ṣe àṣìṣe jù. Àgbà tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru yóò máa lo oògùn rẹ̀. Bí ó bá fò dìde láti orí ibùsùn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ lójijì, òòyì yóò kọ́ ọ, yóò ṣubú kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kejì. Kò túmọ̀ sí pé kí ó fi oògùn sílẹ̀. Ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó sí etí ibùsùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó mi ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó tó dìde. Kí dókítà sì máa yẹ gbogbo oògùn rẹ̀ wò láti ìgbà dé ìgbà, títí kan àgbo àti àwọn hóró tí a rà lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri. Èyí tí ó burú jù ni oògùn oorun. A ti gbọ́ nípa àwọn olùtọ́jú tí ń fún arúgbó ní oògùn oorun kí àwọn fúnra wọn lè sùn. Arúgbó tí ó mu ún yóò ṣì dìde láti tọ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀mùtí ni yóò ti máa rìn.

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà kan àṣà wa gan-an, a kò sì ní fi bò. Ọ̀wọ̀ tí à ń fún àgbà wà lára ohun tí ń gbé àgbà ṣubú. Bí bàbá bá fẹ́ mu omi, a ó ní, “Ẹ jókòó, Bàbá, ẹ má dìde.” Bí ìyá bá fẹ́ gbálẹ̀, a ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí kò rìn yóò gbàgbé ìrìn. Ẹ wo àwọn ìyá amọ̀kòkò ti Dàda ní Òkèlele, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń dìde láàárín iṣẹ́ wọn. Ẹ wo àwọn ahunṣọ òfì, tí ẹsẹ̀ wọn kì í sinmi lórí ìtẹsẹ̀ òfì. Kò sí ẹni tí ó pe iṣẹ́ wọn ní eré ìdárayá, bẹ́ẹ̀ eré ìdárayá ni. Ìrun pẹ̀lú, ìdúró, ìbẹ̀rẹ̀, ìforíbalẹ̀ àti ìdìde, agbára itan ni fún ẹni tí ó ṣì lè ṣe é. Láti ìgbà tí a ti sọ arúgbó di àlejò lórí àga láti àárọ̀ di alẹ́ ni a ti gba agbára yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí lórí àwọn ilé ìtọ́jú sọ pé eré ìdárayá tí ó bá ara ẹnì kọ̀ọ̀kan mu ń dín ìṣubú kù níwọ̀n ìgbà tí a bá ń ṣe é, ṣùgbọ́n bí a bá dáwọ́ dúró, àǹfààní rẹ̀ a pòórá. Nítorí náà, kí ọmọ tí ó fẹ́ bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀ dìde pẹ̀lú rẹ̀, kí ó bá a rìn lọ síbi àmù omi, kí ó má ṣe bá a gbé omi wá.

Ohun tí ó tún burú ju ìjókòó lọ ni ìdè. Àwọn ilé kan wà, ní òkè òkun àti nílé níhìn-ín, tí ó jẹ́ pé nítorí kí arúgbó má baà ṣubú, wọ́n a fi aṣọ dè é mọ́ àga tàbí mọ́ ibùsùn. Irú ìwà yìí wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà kan, títí òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ti 1987 fi fún àwọn tí ń gbé ilé ìtọ́jú ní ẹ̀tọ́ pé a kò gbọdọ̀ dè wọ́n nítorí ìrọ̀rùn àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ̀rí tí ó fi hàn pé ìdè ń dín ìṣubú kù kò sí. Ẹni tí a dè yóò jà láti bọ́, ìṣubú rẹ̀ yóò sì le ju ti ẹni tí ó ń rìn lọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹrú àti wèrè ni a mọ̀ mọ́ ìdè. Ọmọ tí ó bá lọ kí òbí rẹ̀ ní ibikíbi, tí ó bá okùn tàbí ọ̀já lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, kò gbọdọ̀ padà sílé láìbéèrè ohun tí wọ́n ń fi í ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti oúnjẹ, nítorí inú Ìlọrin yóò dùn sí i. Ní 2021, a tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde láti ilẹ̀ Ọsirélíà, níbi tí wọ́n ti mú ilé ìtọ́jú arúgbó 60, tí àwọn tí ń gbé inú wọn lé ní 7,000. Ní àwọn kan nínú àwọn ilé náà, wọ́n fi wàrà mímu àti wàrà dídì kún oúnjẹ àwọn arúgbó; ní àwọn tí ó kù, oúnjẹ kò yí padà. Níbi tí wọ́n ti fi kún un, eegun ìbàdí tí ó ṣẹ́ fi 46 nínú 100 dín ju ti ibi tí wọn kò ti fi kún un, ìṣubú pàápàá sì fi 11 nínú 100 dín. Kì í ṣe oògùn, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Oúnjẹ tí ń fún eegun àti iṣan lágbára lásán ni. Bẹ́ẹ̀ àwa nìyí ní ìlú tí òkìkí wàrà rẹ̀ kàn, tí àwọn ìyá Fúlàní ń fi ewé bomubómu mú wàrà dì, tí wọ́n sì ń gbé e kiri ẹnu ọ̀nà wa. Àwọn ọmọ ilé ni ń jẹ wàrà tí a dín, a ó sì gbé àmàlà àti ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran fún ìyá àgbà nítorí pé kò ní eyín. Wàrà kò béèrè eyín. Kí a sè é dáadáa, kí a gé e wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. A kò sọ pé wàrà tiwa àti ti Ọsirélíà jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n màlúù ló ni méjèèjì.

Ní ti ìjọba, òfin kan ti wà láti 2017 tí ó dá Ibùdó Àwọn Àgbàlagbà ti Orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Ní Ìbàdàn, ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tí a fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè ti wà ní ilé ìwòsàn UCH láti 2012. Ó yẹ kí irú rẹ̀ súnmọ́ àwọn àgbà Kwara, kí wọn má baà máa wọ ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí pẹ̀lú ìbàdí tí ń ro. Ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣí ilé ìtọ́jú arúgbó ní ìpínlẹ̀ yìí ní ìwé kan tí a ń kọ ìṣubú kọ̀ọ̀kan sí: ọjọ́ rẹ̀, wákàtí rẹ̀, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, bàtà tí ẹni náà wọ̀ àti oògùn tí ó mu. Bí ó bá jẹ́ pé wákàtí kan náà àti balùwẹ̀ kan náà ní ń padà wá nínú ìwé náà, ọ̀rọ̀ kò sí lọ́wọ́ ayé mọ́. Ìwé yìí kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí a fi ń dá olùtọ́jú lẹ́bi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò fi pamọ́ bí ìyá àgbà ti fi apá rẹ̀ pamọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ lè fi èyí ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá fún àwọn ọmọ yín. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ àgbà ilé rẹ̀, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ àti ohùn pẹ̀lẹ́, bóyá ó ti ṣubú láàárín ọdún kan sí àkókò yìí, kí ó sì bá a rìn láti ibùsùn dé balùwẹ̀, kí ó ka ohun tí ó wà lójú ọ̀nà. Ní 2022, àwọn onímọ̀ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ ìlànà àgbáyé lórí ìṣubú fẹnu kò pé kí a máa bi àgbà ní ìbéèrè yẹn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọmọ-ọmọ ni ó dára jù láti béèrè, nítorí kò lágbára láti ní kí ìyá má lọ sọ́jà mọ́.

Ní ti balùwẹ̀, irin ìdìmú kan lára ògiri lẹ́bàá ibi ìwẹ̀, òmíràn lẹ́bàá ibi ìgbọnsẹ̀, ni ohun tí a fẹ́. Àwọn àgbà sọ fún wa pé láti ara ìlọ irin, òkúta tí a ti ń lọ irin, ni ìlú yìí ti gba orúkọ rẹ̀. Kò yẹ kí irin wọ́n wa. Wẹ́dà tí ń ṣe géètì yóò parí rẹ̀ láàárọ̀ kan. Kí ó ṣáà rí i pé ó wọ inú ògiri jinlẹ̀, kí ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ fà á wò kí ó tó gba owó rẹ̀, nítorí irin tí ó bá tú mọ́ arúgbó lọ́wọ́ burú ju kí ó má sí irin níbẹ̀ rárá lọ.